Bírò Tí Mo Já Gbà Lọ́wọ́ Rẹ

                                                  Yàrá Iwájú,
                                                  Ilé Aránbàtà,
                                                  Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                                  Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                                  Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án.

Olóhùn-iyọ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn yẹn tó máa ń jẹ ìdí pẹ́ńsù? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ojú ọ̀nà? Mo kí gbogbo yín o. Lẹ́tà tí o fi bá mi kẹ́dùn ikú bàbá mi tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á títí ojú ibi tí o ti ká a fi fẹ́ ya. Má bínú pé n kò tètè fèsì. Ara mi le, ọkàn mi ni kò le.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹlẹ́nu gbọọrọ kan tó wá bù mọ́ ọn fún ọ. Yàrá iwájú tí mo ti ń ránṣọ yìí kì í ṣe tèmi mọ́. Wọ́n fẹ́ ta ilé wa, wọ́n sì ti ní kí n kó ẹrù mi kúrò kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.

O mọ bàbá mi. Iṣẹ́ bàtà ni wọ́n kọ́, àmọ́ kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn kò ní àwọn lè ṣe. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gẹ irun orí wọn níwájú dígí, bí ìpàkọ́ wọn tilẹ̀ ń rí págunpàgun. Àwọn ni wọ́n kan ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò ṣeé tì títí di òní. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣe ìwé ìhágún, ta ló tó sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bá lọ́yà? Wọ́n jókòó ti tábìlì tí wọ́n fi ń gé awọ, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé tí o wá gba búláòsì rẹ, tí mo sì ní n kò tíì kan bọ́tìnnì rẹ̀, ṣé o rántí? Ọjọ́ yẹn ni. Bàbá ń fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì. Onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti buwọ́ lù ú. Bàbá na bírò sí ọ, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, wá bá mi buwọ́ lu nǹkan yìí." O ti gbà á. Èmi ni mo fò dìde nídìí maṣíìnì. Mo ní ṣé mo ti kú ni, tí àlejò yóò fi máa jẹ́rìí fún bàbá mi? Mo ní ìka tó tọ́ sí imú ni wọ́n fi ń ro imú. Mo já bírò gbà lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá ló rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n fi ìwé ìròyìn bo ọ̀rọ̀ òkè, wọ́n sì fi ibi tí n ó buwọ́ lù hàn mí. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ lónìí: owú ni mo jẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń fún wọn lóògùn, tí mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ wọn tó wú, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ń kí wọn lórí fóònù. Mo fẹ́ kí orúkọ mi wà lábẹ́ orúkọ wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwa ọmọ mẹ́ta lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni. Ó tún fáìlì orí tábìlì rẹ̀ tò kó tó ka ìwé náà sí wa létí: "Yàrá iwájú àti ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ọmọbìnrin mi, tó tọ́jú mi bí ẹyin. Ìyókù ohun ìní mi, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì pín in lọ́gbọọgba." Ọ̀rẹ́ mi, mo bú sẹ́kún. N kò mọ̀ pé bàbá rí gbogbo ohun tí mo ń ṣe. Omijé náà kò tíì gbẹ tí lọ́yà fi bọ́ awò ojú rẹ̀, tó bi mí bóyá èmi ni mo ni ìbuwọ́lùwé kejì. Mo gbé orí sókè, mo ní èmi ni.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Lọ́yà ní òfin kò gbà kí ẹni tó jẹ́rìí sí ìwé ìhágún jẹ nínú ogún tí ìwé náà pín, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ipá tàbí ẹ̀tàn mú arúgbó kọ̀wé. Ìwé náà kò bàjẹ́ o, ìpín tèmi nìkan ló bàjẹ́. Ó ní bí ìpín ẹnì kan bá ṣubú báyìí, inú ìyókù ogún ló ń bọ́ sí, àwọn tí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ló sì ni ín. Ó ní bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́, wọ́n lè ṣe ìwé mìíràn, kí wọ́n fi yàrá náà ta mí lọ́rẹ. Ó yíjú sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tíṣà, tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kejì, awakọ̀, ní, "Àbúrò, kì í ṣe pé a kórìíra rẹ. Ẹni tó fẹ́ ra ilé, odidi ló fẹ́. Kò fẹ́ ilé tí wọ́n gé iwájú rẹ̀." Ẹni tí mo pọn àkọ́bí rẹ̀ títí ó fi rìn! Má wò ó pé mo ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ó". Ọ̀wọ̀ ti tán lápò mi.

Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù ṣì wà nínú yàrá. Òòlù bàbá wà lójú fèrèsé. Mo ṣì máa ń dá maṣíìnì dúró láti gbọ́ bóyá wọ́n ń pè mí fún oògùn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí mo bá ti jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò ní máa wá ilé kiri. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má dá ara rẹ lẹ́bi. Ìwọ ti gba bírò.

Èyí tó wá fọ́ mi lọ́kàn pátápátá ni ti àná. Awakọ̀ wá, ó jókòó sórí àpótí tí bàbá máa ń jókòó lé. Ó ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn yóò buwọ́ lu ìwé títa ilé, àwọn sì ń wá ẹlẹ́rìí. Ó ní wọ́n sọ fún àwọn pé ẹni tí kò ní ìpín kankan nínú ilé náà ló dára jù. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni ọkàn wa lọ," ló wí, kò sì rẹ́rìn-ín. Mo kàn ń gé òwú lára aṣọ tí mo ti gé òwú rẹ̀ tán.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi fa àbígbẹ̀yìn létí díẹ̀. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé aṣọ wọn ti ṣetán, kí wọ́n má tíì sanra sí i.

Jọ̀wọ́, bí ààyè bá gbà ọ́, wá ní Ọjọ́bọ̀. N kò tíì mọ̀ bóyá n ó lọ jẹ́rìí fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, jókòó tì mí, bí o bá sì ti rí bírò lọ́wọ́ mi, dákun, já a gbà.

Èmi ni, tìrẹ láti ìgbà tí a ti jọ ń kọ́ṣẹ́,

Abẹ́rẹ́.