Igi Obì Tí Isaac Gbìn sí Òkè-Àfọ̀n

Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ, Isaac Gbádégẹṣin. Ọdún márùn-ún! Àwọn tó sọ pé ẹkún wa yóò gbẹ kí òjò ọdún kejì tó rọ̀, ojú ti tì wọ́n. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn bí ìwọ ṣe máa ń kàn án, ọwọ́ gbogbo wa ni í dúró lójú oúnjẹ.

O fẹ́ràn ìròyìn ju oúnjẹ lọ, nítorí náà ká fi ìròyìn ṣáájú. Ilé tí o fi sílẹ̀ láìlórí ní Ìjerò ti gba páànù. Elizabeth, ìyàwó rẹ, ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kàn án, bùbá kan lónìí, ìró kan lọ́la, títí páànù fi pé. Afọlábí, ọmọ rẹ ọkùnrin, ti ga débi pé ó ń tẹríba kó tó wọ yàrá rẹ. Àwọn olóṣèlú bá ara wọn jà títí wọ́n fi dáná sun ilé onílé, ṣójà sì ti gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Ìwọ tó máa ń bá rédíò jà bí ẹni ń bá àna rẹ̀ jà, o bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ Olúrántí, àkọ́bí rẹ. Òun gan-an la fẹ́ bá ọ sọ lónìí. Gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀, ikú kò sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ Àtọ́kẹ́ má bá ọ wí.

Ṣé o rántí ọdún tí ìjọ gbé ọ lọ kọ́ni ní Òkè-Àfọ̀n, abúlé tó wà lẹ́yìn oko àwọn ará Ìpótì, níbi tí lọ́rì kì í dé? Tíṣà mẹ́ta ti sá kúrò níbẹ̀ ṣáájú rẹ. Baba Ògúnbíyìí, àgbẹ̀ tó ń bọ Ògún, tó sì jẹ́ olórí abúlé, ló mú irúgbìn obì kan wá bá ọ níwájú gbogbo àgbà. Àṣà wọn ni. Àlejò tí wọ́n bá fẹ́ kó dúró, wọn a ní kó gbin obì. Títí obì náà yóò fi so, àlejò náà kò gbọdọ̀ di ẹrù kó lọ. Bí òun fúnra rẹ̀ bá kú kí obì tó so, ọmọ rẹ̀ ni yóò dúró tì í. Ìwọ tó ń darí ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, o rẹ́rìn-ín. O ní igi kì í de ènìyàn mọ́lẹ̀. O gbìn ín sí ẹ̀bá fèrèsé kíláàsì, o sì bọ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Igi kì í de ènìyàn mọ́lẹ̀. Isaac, ìwọ lo sọ ọ́, ẹlòmíràn kọ́.

Aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ kò tíì kúrò lọ́rùn wa tí Baba Ògúnbíyìí fi wọlé dé pẹ̀lú iṣu àti ẹnu dídùn. Ó ní obì kò tíì so. Mánéjà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kò janpata. Ta ni yóò rí rán lọ síbẹ̀? Elizabeth wo Afọlábí tó ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀rù sì bà á pé bí a bá yẹ àdéhùn yẹn, orí ọmọ náà ni yóò sọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe di ẹrù fún Olúrántí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Mọ́dà nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ló wà lọ́kàn rẹ̀, kó lọ gba ìwé ẹ̀rí, kó di ojúlówó tíṣà. Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú rẹ, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ ló ti sun ún.

Ó di tíṣà lóòótọ́. Kíláàsì kìíní àti ìkejì ló ń kọ́ nínú yàrá kan ṣoṣo. Àwọn kan kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n ń pe bí-à-bá. Àwọn kan kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ń ṣe ìṣirò. Òun wà láàárín wọn, etí rẹ̀ ń hó bí ọjà Ìpótì. Òun ló ń lu irin táyà tí wọ́n fi ṣe agogo. Òun ló ń yẹ èékánná wò. Ó mọ ọmọ tí kò jẹun kó tó wá, ó sì mọ èyí tó jẹun àmọ́ tó ń purọ́ ebi. Pàṣán rẹ̀ ń ba tábìlì ju ara ọmọ lọ, bíi tìrẹ.

Ṣùgbọ́n kó tó lu agogo láràárọ̀, yóò kọ́kọ́ lọ sábẹ́ igi rẹ. Yóò gbójú sókè, yóò wo ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Kò sí nǹkan. Ó da eérú sí i nídìí, ó da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, ó gbàdúrà sí i lórí. Kò sí nǹkan. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́, yóò jókòó, yóò máa wo igi náà láti ojú fèrèsé bí ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń wo wọ́dà. Títílayọ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ní Mọ́dà ti gba ìwé ẹ̀rí, ó ti padà wá di ọ̀gá ní Ìjerò, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò. Olúrántí ṣì wà níbi tí a gbé e kalẹ̀ sí. Ọdún yí, kò kúrò. Ọdún tún yí, kò kúrò.

Bí àwọn ará Òkè-Àfọ̀n bá burú sí i ni, ì bá ti sá. Wọn kò burú! Ìyẹn gan-an ni wàhálà. Wọ́n ń ro ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́gi fún un, wọ́n ń kó iṣu tuntun sílẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹni tó gbìn ín tó tọ́ ọ wò. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ tuntun. Oyin ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ó tún ku ohun kan tó jẹ́ tìrẹ. Tábìlì Néṣọ̀, ti ẹ̀kọ́ nípa ohun ìṣẹ̀dá, tí o dá sílẹ̀, èyí tí o ní kí àwọn ọmọ máa kó ilé ẹyẹ, ìkarahun ìgbín àti òdòdó sí láràárọ̀ Mọ́ńdè, Olúrántí kò jẹ́ kó parẹ́. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti ń rí ọ. Nígbà òjò, àwọn ọmọ a máa kó òdòdó kéékèèké kan wá, ó funfun díẹ̀, ó sì ní ìlà pupa nínú. Wọn a kó o sínú agolo mílíìkì títí yóò fi kún. Olúrántí a yìn wọ́n, a ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Léṣìí ni Bísí wọ kíláàsì kìíní. Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ ni, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìdè. Mọ́ńdè kan ó gbé agolo náà wá, ó kún dé ẹnu, Olúrántí sì béèrè ibi tó ti rí òdòdó tó rẹwà tó báyìí. Àwọn ọmọ ń wo ojú ara wọn. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn fi ìgùnpá gún Bísí. Bísí yíjú sí i, ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó wá dá tíṣà rẹ̀ lóhùn.

“Lára obì yín ni, Tíṣà. Wọ́n ní ká máa já a tán, kó má baà so. Bí ó bá so, ẹ ó lọ.”

Isaac! Ta ní í wo òdòdó obì? Obì là ń wò. Ọmọ inú ìlú Ìjerò tó jẹ́ pé inú àwo ló ti ń bá obì pàdé, báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Láti ọdún tí igi náà ti ń tanná ni ọmọ rẹ ti ń gba òmìnira rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, tó ń ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó já a.

Nígbà tó wálé lọ́jọ́ Sátidé tó sọ ọ́, Elizabeth sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò sunkún ní tirẹ̀. Ó so gèlè mọ́ ìdí, ó wọ lọ́rì dé Ìpótì, ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó bi Baba Ògúnbíyìí níwájú ilé rẹ̀ bóyá ó mọ̀ pé àwọn ọmọ ń já òdòdó obì.

Baba kò sẹ́. Ó ní òun lòun rán wọn. “Tíṣà mẹ́ta ló ti já wa jù sílẹ̀, Àtọ́kẹ́. Ulé ùwé tí a bá tì, ewúrẹ́ ni í gbà á. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi ka ojú òṣùwọ̀n kòkó báyìí, kí wọ́n má baà rẹ́ mi jẹ. Ta ló kọ́ ọ? Ọmọ Isaac ló kọ́ ọ.”

Òótọ́ ni baba náà sọ, ìyẹn ló sì ń dunni. Ẹ̀gbọ́n rẹ dá a lóhùn pé, “Baba, gbogbo ohun tí ọmọ yìí mọ̀ ló ti kọ́ wọn tán. Ẹ kò jẹ́ kó lọ bu òmíràn wá. Kànga tí ẹ ń pọn láìjẹ́ kó sun, ẹrọ̀fọ̀ lẹ máa tó mu níbẹ̀.” Baba wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí wọ́n mú àdá wá, kí òun bẹ́ igi náà lulẹ̀, kí ohun tí í bá ni jà wá bá òun jà. Kò sí ẹni tó mira. Olúrántí ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó fi igi bàbá òun sílẹ̀, ó ku ohun tí òun fẹ́ fi kọ́ni.

Ní Mọ́ńdè, kò na ẹnikẹ́ni. Ó gbé agolo náà sórí tábìlì. Ó ya òdòdó kan sí méjì, ó fi inú rẹ̀ hàn wọ́n. Ó mú obì kan jáde, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní èyí ló ń di èyí. Èyí tí a bá já kò ní di nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ Néṣọ̀ lásán ni. Àfi ìgbà tí Bísí nawọ́, tó béèrè pé, “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin náà, a ti já yín?”

Olúrántí jáde, ó lu agogo eré nígbà tí àkókò eré kò tíì tó, ó sì dúró ti irin náà títí ó fi dákẹ́ dídún.

Òdòdó ọdún yẹn ti tán. Ó tún di kó dúró. Janúárì dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ó tún lu agogo. Èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ó ti mọ ohun tó dè é, ó sì tún ń bomi rin ín.

Òjò ọdún yìí dé. Mọ́ńdè kan, agolo mílíìkì ṣófo. Ìkarahun ìgbín nìkan ló wà lórí tábìlì. Ó yọjú lójú fèrèsé, igi rẹ funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀! Bísí dúró nídìí rẹ̀ pẹ̀lú pàṣán, ó ń lé ewúrẹ́, ó sì ń bú ọmọkùnrin kan tó fẹ́ gùn ún. Kò sí ẹni tó rán an. Atẹ́gùn gbọn púpọ̀ dànù. Èyí tó kù so.

Baba Ògúnbíyìí fúnra rẹ̀ ló ká a, òun ló sì gbé e wá sí Ìjerò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kó o lé Olúrántí lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ, ìlú ti gbà á. Inú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni baba náà ki ọwọ́ sí abẹ́ aṣọ rẹ̀, ó yọ irúgbìn obì mìíràn, ó sì ń wo Afọlábí ọmọ rẹ bí ẹni ń wo àgbò lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n rẹ gba irúgbìn náà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní ó ṣeun, ilé rẹ̀ gan-an ló tọ́ sí. Ó bá a padà dé Òkè-Àfọ̀n, ó gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà baba náà, ó sì ní kí ọmọ ọmọ tó ń ka òṣùwọ̀n fún un wá bomi rin ín, kó máa kàwé lọ títí yóò fi dúró níwájú kíláàsì. Baba Ògúnbíyìí wo irúgbìn, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀.

Ní Janúárì, Olúrántí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Má rò pé ó ń fò fún ayọ̀. Ìjọ kò tíì rí tíṣà tí yóò dúró sí ipò rẹ̀. Bísí ti bi í lọ́jọ́ tó máa padà, kò sì purọ́ fún un, ó ní òun kò mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tú, ọkàn rẹ̀ kò tíì tú. Ìwọ náà ló fi èyí jọ.

Láàárọ̀ yìí a wá sí ibojì rẹ. A pa obì igi rẹ. Katikíìsì ìjọ tó bá wa wá gbàdúrà gbójú sókè bí ẹni pé kò rí wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ fún un ní awẹ́ kan, ó sì gbà á. Olúrántí fi awẹ́ tìrẹ sí ìgbèrí rẹ, ó fi ọwọ́ pa erùpẹ̀ ibẹ̀ dán bí ó ṣe máa ń nu pátákó ìkọ̀wé. Kò bínú sí ọ mọ́. A bínú díẹ̀, àwa, nítorí o lọ láìtú ohun tí o so. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ojú rẹ kò wù wá í rí, kò sì sí ẹni tí ìfẹ́ rẹ dín lọ́kàn rẹ̀ nínú ilé yìí.

A pín ìyókù jẹ níbẹ̀, lórí ìdúró. Ó korò, Isaac. A rún un tán, kò sí ẹni tó tu ú.