Ọkọ̀ Ìgbòkun Tí Wọ́n Ní Kí N Bá Wọn Wọ̀ ní Tọ́kì

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò ọmọ tó rìn jìnnà, ẹ sì kú ìfojúsọ́nà. Láti ìhín ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bọ̀dá Ọlátúnjí, ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n máa ń ka lẹ́tà mi sí yín létí. Mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Mo kí àwọn ìyá ìjọ wa, mo kí Bàbá Lèmọ́mù ládùúgbò, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń yà kí yín bí wọ́n bá ń ti oko kòkó bọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé.

Inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, nítorí èyí tí mo kọ ṣáájú kò dúró sínú ilé wa. Bọ̀dá kọ̀wé sí mi pé kí ọjọ́ ọjà tó tún pé, ìròyìn ti kúrò ní Ìpotì, ó ti dé Ìjerò, ó sì ti gba Àrámọ̀kọ kọjá, pé àwọn òyìnbó kan fẹ́ gbé Mọrẹ́nikẹ́ lọ tà nílẹ̀ Tọ́kì. Wọ́n ní obìnrin kan tiẹ̀ ń sunkún mi ní Ẹ̀fọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ ẹnì kankan ní Ẹ̀fọ̀n. Bàbá Lèmọ́mù nìkan ló ní kí wọ́n fara balẹ̀, wọ́n ní Mùsùlùmí ni àwọn ará Tọ́kì, wọn kì í ta ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sin mí láìkú, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ bó ṣe rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fura, n kò bá yín jà. Èmi gan-an fura.

Ìlú tí mo ń gbé yìí, etí òkun ló wà, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òtútù wọn kò jọ ọyẹ́ ilé wa rárá. Ọyẹ́ a máa la ni létè, á sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí a máa wọ inú egungun, á sì jókòó síbẹ̀ bí onílé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò sì gba ìmẹ́lẹ́. Mo ń tẹ́ ibùsùn, mo ń fọ egbò, mo ń gbé àwọn ìyá arúgbó dìde. Àwọn kan a máa súre fún mi. Àwọn kan a ní kí n má fi ọwọ́ dúdú kan àwọn. N ó sì gbé wọn bẹ́ẹ̀ náà, torí ẹsẹ̀ wọn kò lè dá gbé wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Màdáámù Bẹ́nẹ́tì. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì dá. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní yàrá náà, òun nìkan ló bi mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi dáadáa, ó sì ń pè é, ó ń tún un pè, títí ahọ́n rẹ̀ fi gbà á. Nígbà tó padà sílé, ó ní kí n máa wá bá àwọn jẹun lọ́jọ́ ìsinmi. Oúnjẹ wọn kò láta, iyọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n Yèyé, ẹni tó bá ń dá gbé yàrá, tó jẹ́ pé láti ìgbà tó ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀, kò ní bèèrè ata lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ń lọ.

Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni, ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun láti ìgbà èwe títí ó fi fẹ̀yìntì. Ènìyàn gíga ni, ohùn rẹ̀ a máa kún ilé. Lọ́jọ́ kan tí yìnyín ń bọ́ níta, mo bá àwòrán ilẹ̀ ńlá kan lórí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun. Ó ní tí ooru bá dé, òun àti ìyàwó òun fẹ́ lọ yá ọkọ̀ ìgbòkun ní Tọ́kì. Ọkọ̀ náà kì í sábà lo ẹ́ńjìnnì o. Aṣọ funfun gbàràmù ni wọ́n ń ta mọ́ òpó rẹ̀, atẹ́gùn á sì máa tì í lọ. Láti ìlú kan tó ń jẹ́ Bódúrúmù ni wọn yóò ti gbéra, wọn ó máa rọra tọ etí òkun lọ sí Mámárísì. Láàárọ̀ wọn ó ta ìgbòkun. Bí oòrùn bá mú, wọn ó yà sí ibi tí òkun ti ki apá bọ àárín òkè, wọn ó ju ìdákọ̀ró sómi, wọn ó wẹ̀, wọn ó jẹ ẹja yíyan, wọn ó sùn. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, wọn ó tún sún síwájú díẹ̀.

Mo bi í pé ta ni ẹbí wọn níbẹ̀. Ó ní kò sí. Mo bi í pé ọjà wo ni wọ́n fẹ́ rà. Ó ní kò sí. Mo ní ṣé iṣẹ́ ìjọ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìgbádùn lásán ni. Nílé wa, ẹni tó bá rìn dé Ìlogbò láìnídìí, wọn á bi í pé ta ló kú.

Ìgbà náà ni Màdáámù di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n bá wọn lọ.

Ẹnu mi ń dúpẹ́, inú mi ń bèèrè ọ̀rọ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ni èmi ọmọ Ìpotì, tí omi tí mo mọ̀ kò ju odò ìfọṣọ tó mu mí dé orúnkún, fẹ́ ṣe nínú ọkọ̀ àwọn arúgbó méjì? Mo sọ fún Dọ́rìn, nọ́ọ̀sì ará Jàmáíkà tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní nọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wá, pé bí a bá dé àárín òkun, àwọn á máa yá oòrùn, èmi á máa fọ abọ́. Mo gbà á gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ á dákẹ́ nínú ilé. Ọ̀gbẹ́ni ní kí n mú páàsípọ́ọ̀tì mi wá kí òun bá mi fi gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú Tọ́kì. Mo ní n kò tíì ráyè wá a, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ ìró tí ẹ fún mi ló wà nínú àpótí, mo sì ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Èyí tó tiẹ̀ le jù ni pé Màdáámù bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ojú mi wò. Á fà mí lọ sídìí fèrèsé, á ní ṣé mo rí ọkọ̀ tó wà lọ́hùn-ún, àwọ̀ wo ni àsíá rẹ̀, ènìyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, á mí kanlẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Yèyé, bí wọ́n ṣe ń la ẹnu ewúrẹ́ wò lọ́jà Ìjerò nìyẹn. Mo ní, háà, ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé kọ́ ló fẹ́ ṣẹ yìí?

Nígbà tí òtútù dẹ̀ díẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni ní kí a lọ fi ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ dánra wò létí òkun ìlú wọn, kí n lè mọ bí ìgbòkun ṣe ń ṣe. Mo fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé inú omi ni n ó ti mọ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́. Wọ́n wọ̀ mí ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ọ̀gbẹ́ni jókòó sẹ́yìn, ó di ìtọ́kọ̀ mú, ó ń kọrin. Màdáámù jókòó tì mí, kò kọrin rárá. Atẹ́gùn fẹ́ wọ inú aṣọ náà, ọkọ̀ sì já lọ bí ìgbà tí ẹṣin bá já. N kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ọkọ̀ apẹja kan dúró níwájú wa, pupa fòò, àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ ń fa àwọ̀n. Mo rí i láti ọ̀nà jíjìn. Mo ní Ọ̀gbẹ́ni yóò yà. Kò yà. Orin ló ń kọ. Mo wo Màdáámù. Ó fún ọwọ́ mi títí ó fi ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Àwọn apẹja náà dìde, wọ́n ń jupá. Gẹ̀ẹ́sì sá kúrò lẹ́nu mi. Mo fi gbogbo ohùn mi ké pé, “Ẹ yà o! Ẹ yà!” Kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀. Ó fa ìtọ́kọ̀ tagbára tagbára. Ọ̀pá ìgbòkun gba orí wa kọjá, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa fi ara ha tiwọn, omi dà lé wa lórí. Gbogbo èébú tí àwọn apẹja náà mọ̀ ni wọ́n bú wa.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, Màdáámù fà mí sẹ́yìn ahéré tí wọ́n ń kó okùn sí, ó bú sẹ́kún. Ó ní ojú ọkọ òun ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò fẹ́ gbà, kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun mọ̀. Ó ní òun nìkan ni ọkọ òun fẹ́ gbé lọ sí Tọ́kì, ọkọ òun tìkára rẹ̀ ló sì fẹ́ tọ́ ọkọ̀ náà. Òun rò pé bí ọmọ ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, ẹ̀rù á bà á, á sì gba atọ́kọ̀. Bí kò bá gbà á, ó kéré tán, ojú èmi á máa bá wọn ṣọ́ ọ̀nà.

Ara mi gbóná. Mo bi í pé ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ fi dógò lọ́wọ́ òkun. Mo ní Yèyé mi kò bí mi kí n wá jẹ́ ojú fún ẹni tí kò gbà pé ojú ń dun òun. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, kí n dárí ji òun.

Mo kọjá lọ bá ọkọ rẹ̀ láti dágbére. Ó jókòó lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń fi ọwọ́ wá ìdí okùn kiri. Kò gbójú sókè. Ó bi mí pé àwọ̀ wo ni ọkọ̀ tí a fẹ́ kọlù. Mo ní pupa ni. Ó ní òun kò rí i títí mo fi ké. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́, pé ìrìnàjò yìí nìkan ni ìdùnnú tó kù fún un. Ìbínú mi rọ̀. Mo ní, Bàbá, ìyàwó yín ti mọ̀ tipẹ́, òun náà ló ní kí n má jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ilé kan náà, tábìlì kan náà, ohun kan náà ni wọ́n ń fi pamọ́ fún ara wọn.

Wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní Ọ̀gbẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọkọ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni ká àwòrán ilẹ̀ náà sápò. Màdáámù ló tún tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Wọ́n ti rí ará Bódúrúmù kan tí yóò fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wọn, ọmọ etí òkun náà ni. Ọ̀gbẹ́ni ní bí òun bá ti lè di okùn ìgbòkun mú, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí òun lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ti tó. Lójú ìyàwó rẹ̀ ló ti tún ní kí n bá wọn lọ, ó ní bí àlejò ni, n kò ní fọ ṣíbí kan. Páàsípọ́ọ̀tì mi, kí n fi ọwọ́ ara mi mú un lọ fún àwọn ará Tọ́kì. Ó kù díẹ̀ kí n dáhùn bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ojú tí mo fi ń ṣọ́ wọn kò tíì rọ̀, ilé ló wá kọjú sí báyìí. Bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ sọ ohun tí Ìjerò wí, ẹ sọ ohun tí Bàbá Lèmọ́mù wí, ẹ sọ ti ẹlẹ́kún Ẹ̀fọ̀n. Kí ni Yèyé wí? Yèyé tó jẹ́ pé bí mo bá kọ ọ́ pé òjò pa mí, wọ́n á ní kí ẹ fi èébú ránṣẹ́, wọ́n á sì dúró tì yín kí ẹ kọ ilé ní “ulé” bí ẹnu wọn ṣe pè é, kí ẹ má sọ ọ́ di ti tíṣà. Mo ní mo fẹ́ wọ ọkọ̀ lórí òkun, wọn kò wí nǹkan kan? “Àlàáfíà ni Yèyé wà” ni ẹ kọ. Ọ̀rọ̀ tiyín nìyẹn, kì í ṣe tiwọn. Mo ti rí bí ìfẹ́ ṣe ń di ènìyàn lẹ́nu. Kí ni ẹ ń fi pamọ́ fún mi?

Ìdí kejì nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé ní Ìpotì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á fún Yèyé mi, kí ẹ sì bá mi wo ojú wọn. Mo ti sọ fún àwọn Bẹ́nẹ́tì pé n kò lè dá wọn lóhùn báyìí.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí, Yèyé. Kí ọwọ́ yín má wọ́ nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín má kúrò lójú ọ̀nà oko, kí ẹ jèrè gbogbo wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹ kí àwọn tó ń sunkún mi náà, ẹ ní mo dúpẹ́.

Èébú yín ni mo ń dúró dè. Bí mo bá gbà á, n ó mọ̀ pé ẹ le, n ó sì lọ wo Tọ́kì. Bí n kò bá gbà á, ọkọ̀ Èkó ni n ó wọ̀ bọ̀ wálé.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọrẹ́nikẹ́