Táyà Tí O Béèrè Lọ́wọ́ Mi

Àbúrò mi,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Mi ò mutí, mi ò sì jí ọkọ̀ ọ̀gá iléèwé. Ì bá ṣe pé ọtí ni, ì bá ti dá lójú mi, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ wá sí ìsọ̀ mi pé kí n pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn, èmi ni mo sì fi ojú tó mọ́ kedere wà á lọ sórí pápá iléèwé, nítorí tìrẹ. Gbọ́ ìyẹn ná kí n tó kí ọ.

Mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé yàrá tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jọ ń gbé kò jò mọ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ, kò sì ní jẹ́ kí o bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe ọ́. Ìyàwó mi kí ọ. Àǹtí wa kí ọ, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn, ó ní kí n má kọ ìyẹn sí i kí ọkàn rẹ má baà dàrú, ṣùgbọ́n ọkàn tèmi ti dàrú, kí tìrẹ náà dàrú díẹ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá wa ti filẹ̀ ṣaṣọ bora, èmi ni bàbá rẹ, bí irùngbọ̀n mi ò tilẹ̀ tíì kún, àwa méjèèjì la sì ni wàhálà yìí.

Ìwọ lo pè mí. O ní ìdíje kan ń bọ̀, pé kì í ṣe ẹni tó bá sáré jù ni wọ́n ń fún ní máàkì, bí kò ṣe ẹni tó bá mú ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ gba kọ́nà kọjá, tí ìdí ọkọ̀ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ, tí kò sì yí po. O ní tìrẹ ń yí po ṣáá. O ní táyà líle wà níbẹ̀, rírọ̀ wà, èyí tó wà láàárín méjì wà, Bọ̀ọ̀dá mi, èwo ni kí n mú, ẹ̀yin lẹ mọ táyà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé mo mọ nǹkan kan. Inú mi dùn débi pé mi ò bi ọ́ níbo ni ọkọ̀ náà wà.

O mọ bí bàbá wa ṣe kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní táyà tí onítáyà kò bá tíì fi ìdí ara rẹ̀ jókòó lé, kò gbọdọ̀ fi ẹnu yìn ín fún oníbàárà. Bí a bá rí èyí tí a kò mọ̀, a ó dè é mọ́ ọkọ̀, a ó wà á dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà, a ó padà, ká tó sọ̀rọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ bàbá mi pé mú èyí, fi tọ̀hún sílẹ̀, nígbà tí mi ò mú ọkọ̀ yọ̀ rí? Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, pápá ń dán. Mo wá táyà líle méjì tó ti pá bí orí arúgbó, mo dè wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ ọ̀gá, mo fi àwọn tó rọ̀, tí eyín wọn ṣì pé, sílẹ̀ níwájú.

Gba èsì rẹ. Líle ni kí o fi sẹ́yìn, rírọ̀ ni kí o fi síwájú. Èyí tó rọ̀ máa ń gbá ilẹ̀ mú, orí ọkọ̀ á sì gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Èyí tó le máa ń tètè jọ̀wọ́ ilẹ̀, ìdí á máa yọ̀ wẹ́rẹ́. Bí o bá fi rírọ̀ síbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ní fẹ́ yọ̀, nígbà tó bá sì fẹ́ yọ̀, á já lójijì bí okùn tó gbó. Bí o bá dé kọ́nà, fa búréèkì ọwọ́ fẹ́ẹ́, kí o jù ú sílẹ̀. Bí ìdí bá ń lọ sọ́tùn-ún, ọ̀tún ni kí o yí sìtíárìn sí, má bá a jà. Má sì ká ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tó ń mú ọkọ̀ sáré lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni tìrẹ ti ń yí po. Máa fún un níná díẹ̀díẹ̀ bí ẹní ń bu omi sẹ́nu aláìsàn. Ibi tí o ń lọ ni kí ojú rẹ máa wò. Mo yọ̀ yí pápá ká, ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ìgbà tó yá ni mo wo táǹkì omi iléèwé. Mo kàn wò ó ni.

Táǹkì wó, ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọnú. Ọ̀gá sáré jáde, ó dúró sínú omi, ó ní láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì òun lòun ti mọ̀ pé ọpọlọ mi kì í ṣiṣẹ́, ohun kan ṣoṣo tó ń yí lára mi ni táyà. Gbogbo tíṣà rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ iléèwé ni ìsọ̀ wa wà, ìgbìmọ̀ wọn sì ní àwọn yóò jókòó ní Sátidé láti lé mi kúrò níbi tí bàbá wa ti lẹ̀ táyà títí ó fi kú. Wọ́n bi mí ta ló rán mi. Mi ò tíì dá wọn lóhùn.

Àwọn tó dúró tì mí nìyí. Ìyàwó mi. Àǹtí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíjókòó ló jókòó tì mí nítorí orúnkún. Káfíńtà tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra dúró tì mí títí iléèwé fi ní kó wá ṣe àga tuntun. Awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní Má-tẹ-búréèkì ní òun wà lẹ́yìn mi, nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ó ti jìnnà. Mo dá kíkà náà dúró, nítorí bí mo ṣe ń kà á ló ń dín kù.

Mo wá pè ọ́. O rẹ́rìn-ín. O ní, Bọ̀ọ̀dá mi, géèmù ni, inú tẹlifíṣọ̀n ni ọkọ̀ wà. Mo gbọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́yìn rẹ, ọ̀kan ní kí o bi mí bóyá mo lè bá wọn lẹ táyà inú tẹlifíṣọ̀n. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Láti ìgbà náà o kò gbé fóònù mọ́. Mo ní kí ẹni tó ń ta fóònù lódìkejì ọ̀nà bá mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, kí o mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó fi àmì kan hàn mí, ó ní ìyẹn ni pé o ti kà á. Mo bá a jà. Mo ní ọmọ tí mo tọ́ kò lè ka irú ọ̀rọ̀ yẹn kó dákẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń purọ́ mọ́ ọ. Ó ní òun ò ṣe ẹ̀rọ, títà lòun ń tà á. Ṣé ẹ̀rọ ló purọ́?

Mo tún bi í lọ́rọ̀ táyà inú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní bọ́tìnnì lẹ ń tẹ̀ tí táyà fi ń pààrọ̀. Mo ní ta ló ń dè é, ta ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i? Ó ní kò sẹ́ni kankan. Ìyẹn kò lè jẹ́ òótọ́. Ọkọ̀ tó ń yọ̀ ní gbogbo ọjọ́ á jẹ táyà ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Bí o bá mọ ọ̀gá ibẹ̀, bá mi bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá lé mi ní Sátidé, mo lè bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Jáàkì ara mi ni màá gbé wá. Bí o bá sì ní owó lọ́wọ́, fi ránṣẹ́, táǹkì kì í ra ara rẹ̀.

Àǹtí ní Sátidé yẹn náà ni ìdíje rẹ. Èmi kọ́ ni mo mú ọjọ́. Bí o bá wá, kàn dúró síwájú wọn kí o sọ pé ìwọ lo béèrè, kí wọ́n mọ̀ pé mi ò ya wèrè. Bí o kò bá wá, mi ò ní dárúkọ rẹ. Màá ní orí ara mi ló rán mi, wọn á sì gbà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fura sí orí náà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, kí o gba ipò kìn-ín-ní. Má pè mí láti sọ pé o ṣe ipò kejì.

Kí Ọlọ́run mú ọwọ́ rẹ dúró, kó la ojú rẹ sí ọ̀nà, kó sì gbé ọ borí, torí ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa rí èrè nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó tún jẹ́ bàbá rẹ, o fẹ́ o kọ̀.