Epo Tó Ń Tán Lọ́nà Komu

Ajé, 6 oṣù kìíní, 2025
Ọ̀mùtí tún ti gbẹ. Orúkọ tí mo sọ mọ́tò mi nìyẹn, láàárín èmi àti ìwé yìí. Àná la rọ epo kún un. Kàdírì ọkọ mi wà á lọ Komu lónìí, ó kó èlùbọ́ mi bọ̀ wá sí Ìsẹ́yìn, géèjì epo ti sùn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń lọ tó ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ kí epo tó tán. Mọ́tò ló ń jẹ èlùbọ́ mi báyìí.

Jímọ̀, 10
Ògúndèjì mẹkáníìkì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó gbọn fíltà, eruku ọyẹ́ tú jáde níbẹ̀. Ó wọ abẹ́ mọ́tò — kò jò. Ó ní ara mọ́tò le koko. Ara rẹ̀ le, epo ń tán. A jẹ́ pé ẹni tó ń wà á ni ká bi.

Ìṣẹ́gun, 14
Kò sí ìyàtọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16
Àwáwù ará ilé kejì wá kí mi. Gbohùngbohùn ni mo ń pè é nínú ikùn mi. Ó ní, "Ìyá Sodiqat, epo kì í fẹsẹ̀ rìn o. Ẹ bi Bàbá Sodiqat ibi tí wọ́n ń yà sí." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó lọ tán, n ò lè ṣe nǹkan kan mọ́.

Opó kan wà ní Komu tó ń ta èlùbọ́ fún wa. Ó lẹ́wà. Ó máa ń bu omi tútù fún Kàdírì. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Àìkú, 19
Mo bi Kàdírì. Ó ní Komu lòun lọ, Komu lòun ti bọ̀. Mo pariwo. Mo ní kó gbé Kùránì kó búra níwájú Àlàájì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kàdírì — Baba Jẹ́jẹ́ mi, tí kì í gbóhùn sókè — ní bàbá òun ò búra rí títí ó fi kú, ì báà ṣe lórí òtítọ́. Òun ò ní í torí epo mọ́tò gbé Kùránì.

Mo ní, "A jẹ́ pé òótọ́ ni ti opó Komu." Lójú Àlàájì ni mo ti sọ ọ́. Lójú Sodiqat ọmọ wa.

Ajé, 20
Ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó ti lọ Ijio, ilé bàbá rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23
Èmi fúnra mi ni mo wà á lọ Komu. Opó yẹn fi aṣọ ìgbéyàwó hàn mí, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń so òun àti afẹ́sọ́nà rẹ̀ pọ̀. Ó ní kí n bá òun kí Kàdírì.

N ò yà síbì kankan. Mo délé, géèjì ti sùn.

Èmi ni mo wà á. Èmi nìkan. Mo gbórí lé sítíárì, mo sunkún. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ọlọ́run, kí ni mo ṣe yìí?

Àbámẹ́ta, 25
Mo pè é. Kò gbé e.

Ìṣẹ́gun, 28
Mo gbé Ògúndèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a gba ọ̀nà Ṣakí. Ó tẹjú mọ́ géèjì kejì, ti ooru. Kò gbéra nísàlẹ̀ rárá. Ó ní kí n dúró. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ ba ẹ́ńjìnnì, kò gbóná tó.

Ó ní, "Ìyá Sodiqat, èmi ni mo fà á."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, Ọ̀mùtí hó lọ́nà Ìgbẹ́tì. Ògúndèjì yọ tẹmositáàtì, nǹkan kékeré bí ìdérí ìgò tó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo mẹkáníìkì ń ṣe níbí. Wọ́n ní tòyìnbó ni, nítorí otútù wọn. Ooru bo àṣírí rẹ̀. Ọyẹ́ wá dé, ẹ́ńjìnnì ò gbóná mọ́, ó ń mu epo láti àárọ̀ dalẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Ògúndèjì ń bẹ̀ mí. N ò lè bínú sí i. Ta ni mo jẹ́?

Jímọ̀, 31
Ògúndèjì ti de tuntun sí i. Mo lọ Komu, mo bọ̀. Epo ṣẹ́ kù dáadáa. Inú mi ò dùn.

Àìkú, 2 oṣù kejì
Ijio. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, mo rò ó látòkèdélẹ̀. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ká ní wọn ò rí ohun tó ń ṣe mọ́tò yẹn ńkọ́?" Kàdírì ní òun máa bọ̀, nítorí Sodiqat.

Jímọ̀, 7
Ó ti dé. Adìyẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ìṣẹ́gun, 11
Ó lọ Komu lónìí. Nígbà tó dé, kò wọlé. Ó dúró ti mọ́tò, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ wá wo géèjì kí n tó pa á." Bí ẹni ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Èmi! Mo ní kò pọn dandan, mo gbà á gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Sodiqat ń wò wá lójú fèrèsé. Kò kúrò níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, epo ń jó.

Mo jáde, mo wò ó.