Ẹsẹ̀ Ni Bíréèkì Kẹ̀kẹ́ Bàbá

Jímọ̀ àbúrò mi, má gun kẹ̀kẹ́ Bàbá o. Láàárọ̀ yìí tí mo tún un ṣe tán, mo dojú ẹ̀ délẹ̀, mo yí táyà, pẹ́dà sì ń bá a yí. Àfi gbì! Ó dúró, bí ẹni pé èèyàn fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Kò sí ohun tó há sí i.

O rántí bí Bàbá ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò Àsá, tí kẹ̀kẹ́ fi gbé wọn lọ pa. A sì ti sọ fún wọn títí pé ẹsẹ̀ ni bíréèkì ẹ̀.

Mo lọ pe Àfáà. Bí o bá gbọ́ tí táyà ń yí, má dí Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró ni.