Àgbò Tí Mo Fi Pamọ́ fún Fóònù Ìjọba

Ruqoyyah ọmọ mi,

Sálámà fún ọ àti ọkọ rẹ níbẹ̀ ní Challenge. Ṣé ara ń le? Ọlọ́hun yóò sọ̀ ọ́ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Orúnkún ń yọ ìyá rẹ lẹ́nu, ó ní kí n má kọ ọ́, nítorí náà má bi í.

Wọ́n ti sọ mí di ènìyàn ńlá lábúlé o. Àwọn tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn wá láti Ìlọrin, wọ́n ní àwọn kò lówó tí àwọn lè fi máa gbé dókítà káàkiri, àwọn ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá àwọn wo ẹran, èmi ni wọ́n sì mú. Wọ́n fún mi ní fóònù. Ní gbogbo Jímọ̀, fóònù náà á bi mí pé ẹran mélòó ló ń ṣàìsàn, èmi á tẹ iye rẹ̀. Bí kò bá sí, òdo ni. Mo máa ń dé fìlà kí n tó dá a lóhùn, nítorí iṣẹ́ ìjọba ni.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi tẹ òdo. Nígbà tó di ẹ̀kẹfà, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ìyá mi, Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kò dá àwo aláwo padà lófìfo rí, ó kéré tán á bu iyọ̀ sí i. Àwọn èèyàn yìí ń béèrè, òfìfo ni mò ń fi ránṣẹ́. Mo bá tẹ mẹ́ta. Mo ní ewúrẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń wúkọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀.

Ọ̀ràn ibẹ̀ ni pé àgbò mi funfun, tí mo ń sìn de ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ, ti ń da itọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́rin. N kò fi ìyẹn ránṣẹ́. Ta ló ń fi àléébù ilé rẹ̀ han àlejò? Mo tilẹ̀ gbé fóònù náà lọ sí yàrá ìyá rẹ, mo faṣọ bò ó, kó má baà gbọ́ bí àgbò náà ṣe ń mí.

Ní Mọ́ńdè, mọ́tò dé. Dókítà obìnrin kan, Nusaybah, ní òun wá wo ewúrẹ́ mẹ́ta. Mo ní wọ́n ti gbádùn, mo dúpẹ́ àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò gbàdúrà kankan. Ó ní ta ló ni wọ́n, mo ní kó jókòó kí n bomi fún un. Ló bá ní òun á kúkú wo gbogbo ẹran abúlé, ilé mi ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní àrùn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn rẹpẹtẹ ló wà lára àgbò mi. Ó gún gbogbo ẹran tó kù lábúlé lábẹ́rẹ́. Toyyib aládùúgbò wa, tó ní ewúrẹ́ mọ́kàndínlógún, wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní òun kò mọ̀ pé èèyàn lè fi àgbò tirẹ̀ sun ìjọba nítorí ti ẹlòmíì. Mo ní kó dìde. Ìwọ nìkan ni mo sọ òótọ́ fún.

Àgbò náà kú ní Jímọ̀. Mo tẹ ọ̀kan. Fóònù ní òun dúpẹ́, kò tilẹ̀ kí mi kú àdánù. Ó dùn mí púpọ̀, ọmọ mi, láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ ni mo ti ń sìn ín.

Mo sì ti fọ́nnu fún àwọn àna wa pé wọn kò rí irú àgbò tí n óò fà wọlé rí. Nítorí náà, fi owó àgbò ránṣẹ́, àgbò ńlá o, kí n rà á nítòsí yín, kí n fà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn bàbá rẹ. Fi owó mọ́tò kún un. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́. Bí àwọn àna bá ń yìn mí, kí ìwọ náà máa bá wọn yìn mí. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ọmọ tó ń bọ̀ yìí ṣe irú rẹ̀ fún ìwọ náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbdùlgàfárù