Wákàtí Mẹ́fà sí Ìkẹjà

Yèyé mi ní Èrìò,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo kí Dáre àbúrò mi, tó ń bá yín kọ lẹ́tà, tó sì ń ka tèmi sí yín létí.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń nu ilẹ̀ láti àárọ̀, gbogbo ara ló ń ro mí, òtútù ibí yìí sì ń wọ eegun. Bàtà ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ mi tí mo fi kà á. Ẹ ní iṣu titun ti dé, àwọn ará Ìlogbò ti jẹ ẹ́ tẹ́rùn, ṣùgbọ́n Bàbá ò fẹnu kàn án, ẹ̀bà ni wọ́n ń jẹ. Bàbá tí wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀bà ò kún oúnjẹ! Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú mi.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Nílé wa, àkọ́bí ọkùnrin ní ń gé iṣu àkọ́kọ́ níwájú Ògún kí bàbá tó jẹ ẹ́. Lọ́dún tó kọjá Bàbá gbà kí Dáre gé e. Lọ́dún yìí wọ́n ní àgbà ti dé sí àwọn, ọwọ́ tèmi ni àwọn fẹ́ rí lára ọ̀bẹ. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí wọn pé ṣebí wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ òfuurufú fi ń ti Lọ́ńdọ̀nù dé Ìkẹjà, mọ́tò tó ń ti Àrámọkọ lọ sí Èkó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí táyà bá jò.

Èmi ni mo kọ wákàtí mẹ́fà yẹn sí yín nígbà tí mo dé ibí, kí ẹ lè dákẹ́ ẹkún. Irọ́ kọ́. Òfuurufú ò jìn, ilẹ̀ ló jìn. Ìwé ìrìnnà mi ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò, ẹnikẹ́ni ò sì lè wọ ọkọ̀ láìsí i. Mo tún lọ bẹ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn ò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní kí n máa retí. Ó ti rẹ̀ mí, Yèyé. Èmi náà ò jẹ iṣu, ọ̀dùnkún wọn tó rí bí ọṣẹ ni mò ń gbé mì.

Ẹ bá mi bẹ Bàbá. Ẹ ní mo ní ọ̀nà náà jìn ju bí mo ṣe sọ lọ. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ lé Dáre lọ́wọ́, kí wọ́n dárúkọ mi níwájú Ògún, kí wọ́n sì jẹun. Kí wọ́n má bu tèmi sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹun ló lè dúró de ọmọ.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹ èrè ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ kí Bàbá kí Dáre tó gé iṣu náà, kí ẹ sì tún bá mi kí wọn tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ̀dé